Àyà Gbọ́dọ̀ Kan Ilẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Káńsílọ̀ ṣì wà láàyè. Ìyá Ràmótù tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ṣì wà, ẹni tó máa ń bú ẹ̀rọ agbẹ́rù àdúgbò bí ẹni ń bú àna tí kò níwà. Tinú ọmọ mi ṣì wà. Ọkọ mi, Bàbá Tinú, ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ kú ṣáájú rẹ̀. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tí ara fi ń kan ilẹ̀ ṣì pọ̀ díẹ̀ ní Òkè-Ọ̀sán. Bí a bá jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, a ó kún ibòji rẹ̀. Lónìí ó ku èmi nìkan, obìnrin sì ni mí. Ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Ẹni tó lè fi ìdọ̀bálẹ̀ han ọmọdé kò sí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn Ilé Ẹ̀yìn, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú ẹ̀yìn dídùn, là fún wa, a wọlé, ó sì padé gbàgà lẹ́yìn wa. Ohùn kan jáde lára ògiri, ohùn obìnrin tó dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹni tó bá ti wọlé wá gba ìtọ́jú kò ní jáde láì wọ àmùrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ̀. Ilẹ̀ yìí ń gbọ́."

Mo wo ilẹ̀ náà. Ó funfun, ó ń dán, ó sì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ bàtà mi bí inú àgbọn tútù. Ilẹ̀ tó ń gbọ́! Ilẹ̀ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé wa ni, kì í ṣe amí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí?" ni mo sọ sí ọkọ mi létí.

"Mo gbọ́. Etí mi kọ́ ló ń dùn mí."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gan bí ọmọ odó láti bí oṣù mélòó kan. Kò lè tẹ̀, kò sì lè nà tán. Bó bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nínú dígí ló ti ń rí i. Èmi ni mò ń bá a fa ṣòkòtò sókè, èmi ni mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò gan.

Àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú wa jókòó lórí àga gíga tí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Bí a ṣe wọlé, gbogbo wọn gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n kí wa. Bí ayé ṣe ń kíra nìyẹn láti ìgbà tí òfin ti dé: o máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, ó tán. Àmùrè wọn yọ gànǹ-gànǹ lábẹ́ aṣọ, láti àyà dé ìbàdí.

A kò tíì jókòó dáadáa tí gèlè obìnrin kan fi yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó tẹ̀ láti mú un. Kí ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí! Àmùrè rẹ̀ dún kàkà, ó há a mọ́ àárín méjì, kò dúró, kò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tan iná pupa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Ẹ dìde! Ẹ dìde! Ẹ dìde!"

Mo di ọkọ mi lápá mú.

"Màámi, ẹ̀mú wà lára ògiri o!" ni ọkùnrin kan pariwo sí obìnrin náà. "Àbí ẹ fẹ́ bá wọn sun ibí mọ́jú ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà alára ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú o, ìwà àtijọ́ ni. Ìyá mi ló kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ gbé nǹkan." Ẹnìkan mú ẹ̀mú ọlọ́rùn gígùn lára ògiri, ó fi he gèlè rẹ̀ fún un. Ilẹ̀ dákẹ́, iná pupa kú. Àmùrè náà rọra tú u sílẹ̀.

Mo wo ojú Bàbá Tinú. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé," ni mo wí.

"Ilẹ̀kùn ti padé," ni òun náà wí.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ kì í ṣe ìrora nìkan. Bó bá jẹ́ ti ìrora ni, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun kò lọ. Àmùrè ni kò fẹ́. Bí wọ́n bá ti fi í wọ ènìyàn ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé Ilé Ẹ̀yìn, ọwọ́ tiwọn nìkan ló lè tú u, ẹni tó sì wọ̀ ọ́ kò ní tẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi gbé e sin.

Àmọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà, Àṣàkẹ́ pè wá lórí dígí ìpè. Ọmọ Káńsílọ̀ ni Àṣàkẹ́, Káńsílọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àṣàkẹ́ ní bàbá òun kò jẹun mọ́, ó ń pe àwọn tó ti kú lórúkọ bí ẹni ń pè wọ́n wá jẹun. Ó ní nínú gbogbo rẹ̀, ó wáá sọ̀rọ̀ kan tó já gaara.

"Ó ní bí Àkànjí bá fẹ́ kí òun gbàgbé, kó dọ̀bálẹ̀ fún òun. Ó ní inú dígí náà á tó, nítorí omi tó bo ọ̀nà. Ó ní ṣùgbọ́n àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀."

Àkànjí ni oríkì ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni láti ilé Káńsílọ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀.

Ìjà wọn nìyí. Lẹ́yìn Ìgbà Ẹrù, nígbà tí epo tán lágbàáyé tí gbogbo wa di ẹlẹ́rù, tí a fi orí ru sìmẹ́ńtì, tí a fi ẹ̀yìn pọn àgbà kọjá odò, ẹ̀yìn gbogbo ìlú bàjẹ́. Ìjọba gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwọn yóò bá máa tún ẹ̀yìn ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ láìnídìí. Wọ́n pè é ní Òfin Ìdúróṣánṣán. Káńsílọ̀ wà lára àwọn tó gbé ọwọ́ sókè fún un. Ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ó jáde ní gbọ̀ngán ìlú nínú agbádá funfun, èrò pọ̀ bí eéṣú. Gbogbo ojú ń wò bí àbúrò rẹ̀ yóò ṣe kí i. Ọkọ mi rìn lọ bá a, ó dúró gan bí òpó iná, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn.

"Ẹ kú òfin o, Káńsílọ̀!"

Èrò rẹ́rìn-ín dé ibi tí wọ́n fi ń mú ara wọn lọ́wọ́. Mo rí ojú Káńsílọ̀. Ó ti rò pé fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni òfin wà. Ó rò pé bí òun bá wọlé, àbúrò òun yóò ṣì ṣe é fún òun ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àní níbi ìsìnkú ìyá wọn. Àwa ìyàwó la ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀.

Bí Àṣàkẹ́ ti pa dígí báyìí ni ọkọ mi ní kí n tẹ́ ẹní sí pálọ̀, pé òun fẹ́ dán an wò. Ó dé àárín, ó há. Igbe tó ké ni Ìyá Ràmótù gbọ́ tó fi sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a gbé e dìde tán, ó ní, "Àrínpé, mú mi lọ Ilé Ẹ̀yìn." Ojú ọ̀nà ló ti là á yé mi. Wọn yóò kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn òun sílẹ̀ kí wọ́n tó fi àmùrè wọ òun. Àlàfo àárín méjèèjì yẹn ni tòun.

"Bí wọ́n bá mú yín ńkọ́?"

"Wọn yóò lé mi. Wọn kò ní fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi mọ́ láéláé."

"Ẹ ó wá gan bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ikú?"

"Èmi náà mọ̀, Àrínpé."

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn kejì là. Dókítà ẹ̀yìn tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí ọwọ́ ẹni tó ń po búrẹ́dì. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn.

"Bàbá, Màámi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ ni, ọmọ mi," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ má bẹ̀rù. Àga yóò bi yín léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, a ó wo ẹ̀yìn yín nínú iná, màá fọwọ́ wò ó, tí ẹ bá gbà, màá tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ ó wọ àmùrè yín, ẹ ó máa lọ sílé."

Àga kan wà láàárín yàrá, ó kúrú, ó fẹ̀, awọ rẹ̀ ń mí. Mo ní ó ń mí! Ó ń wú, ó ń wálẹ̀, bí ikùn ọmọ tó sùn. Ohùn olóyin yẹn náà ló jáde nínú rẹ̀.

"Bàbá Ọláníhùn, níbo ló ń dùn yín?"

"Ibi tí mo fi ń jókòó lé ìwọ."

"Mi ò gbọ́ yín yé. Ṣé ó ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀?"

"Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gòkè, ó ti gba ilé lọ́wọ́ mi."

"Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"Ojú ni mo fi ń sùn."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo dáhùn ìyókù, nítorí bí mo bá fi sílẹ̀ fún un, a ó wà níbẹ̀ di ọ̀la. Mo sọ bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Mo sọ bó ṣe ṣubú lórí òrùlé nígbà tó wà ní géńdé. Àga bèèrè ohun tó gbé ní Ìgbà Ẹrù. Mo ní sìmẹ́ńtì ni, páànù ni, ìyá rẹ̀ sì ni, ẹni tó pọ̀n kọjá odò nígbà tí omi gba ilé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló mú orí ìyá wa," ni ọkọ mi wí lójijì, "kó má baà gbọ̀n. Ó ń rìn lẹ́yìn mi nínú omi títí a fi gòkè."

Àga bèèrè bóyá irin wà lára rẹ̀.

Wọ́n ní kó yọ gbogbo irin ara rẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó wa kọ̀, kò yọ. Itọ́ ni mo fi yọ ọ́. Ó dúró sórí irin pẹlẹbẹ méjì, ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná funfun kan gba ara rẹ̀ kọjá, wéré báyìí, ni mo bá rí ọkọ mi lára ògiri láìsí ẹran. Yéè! Mo pa ojú dé. Ọkùnrin tí mo ti bá sùn láti ìgbà èwe mi, n kò tíì rí i ní ìhòòhò tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo lajú, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ìkarahun ìgbín tí wọ́n sín sí okùn, ó wọ́ lápá ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yìn yìí kò tíì tẹ̀ dé ilẹ̀ láti ìgbà tí Òfin ti dé," ni Àga wí. "Ìjọba kí yín, Bàbá. Ẹ kú ìgbọ́ràn."

Ọkọ mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Kì í ṣe ìgbọ́ràn. Agídí ni."

Dókítà na ìka sí ibi tó wọ́. "Bàbá, ẹ wo ibí. Àwọn eegun méjì yìí dà bí ẹni tó ń jà, tí wọ́n di ara wọn láṣọ mú, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ èkejì. Màá là wọ́n. Ẹ ó gbọ́ ìró. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Lálẹ́ òní àti lọ́la, ó lè máa ro yín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sóko. Kí ẹ máa mu omi dáadáa. Ṣé ẹ gbà kí n fọwọ́ kàn yín?"

"Wọ́n ń bèèrè ṣáájú níbí," ni ọkọ mi sọ fún mi, bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu. Ó yíjú sí Dókítà. "Mo gbà."

Ibùsùn kan dìde nàró lára ògiri, ó gbà á mọ́ra ní ìdúró, ó sì rọra tẹ́ ẹ lọ ní ìdojúbolẹ̀, imú rẹ̀ nínú ihò kan. Ọmọbìnrin náà fi àtàǹpàkò méjèèjì rìn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, ó ń rìn ín bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Ó mú gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi wọ́n wéra. "Ọ̀kan ti kúrú ju èkejì lọ. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń dúró sí apá kan, Bàbá."

"Òótọ́ ni," ni ohùn ọkọ mi wí láti inú ihò.

"Ẹ mí sínú. Ẹ jẹ́ kó jáde."

Ó gbé ara rẹ̀ lé e. Gbàù!

"Yéè! Ó ti ṣẹ́ ọkọ mi o! Ẹ gbà mí, ó ti ṣẹ́ ọkọ mi!"

"Màámi! Màámi, ẹ fara balẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú. "Eegun kọ́. Atẹ́gùn tó há sáàárín eegun ló jáde, bí ìgbà tí ẹ bá fa ìka ọwọ́ tó dún."

"Ìka wo ló ń dún bí ìbọn?"

"Àrínpé," ni ohùn tó wà nínú ihò wí, "jọ̀wọ́, jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀."

Ó tún un ṣe lápá kejì, ó tún ọrùn ṣe. Èmi fi ìborí di etí. Nígbà tí ibùsùn gbé e dìde nàró tí ó tú u sílẹ̀, ọkọ mi dúró, ó ń wò bí ẹni tó jí ní ilé onílé. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó wáá rọra tẹ orí sísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí.

"Àrínpé," ló wí. "Wo ẹsẹ̀ mi."

Omijé bọ́ sí orí ẹsẹ̀ náà. N kò mọ ti ẹni tó jẹ́ nínú àwa méjèèjì.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ má tẹ̀ jù," ni Dókítà wí, ó ti ń lọ sídìí ààrò kékeré kan lára ògiri. "Àmùrè yín ti ń jinná. Ara yín gan-an la fi wọ̀n ọ́n. Yóò tó bí ìgbà tí ẹ fi máa jẹ ẹ̀kọ kan tán."

Bàbá Tinú wò mí. "Pè é."

Mo tú dígí ìpè mi lára ìró. Mo fẹ́ ní rárá. Mo fẹ́ ní kó wọ àmùrè rẹ̀ ká lọ sílé, kó máa rìn, kó máa wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, kí Káńsílọ̀ máa bá ìbínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Mo pè é.

Àṣàkẹ́ ló yọjú. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìyàwó," ló pè mí. Ọmọ ọkọ ni, mo bá a nílé ọkọ, bí a ti wulẹ̀ darúgbó tó, ìyàwó rẹ̀ ni mí.

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ọkọ mi. Ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n wà. Ẹ ṣe kíá."

Mo gbé dígí lé orí Àga, mo dojú rẹ̀ kọ ibi tí ọkọ mi dúró sí. Káńsílọ̀ wà nínú rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ti gbẹ bí ẹ̀pá. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò tíì darúgbó.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Àkànjí."

"Àkànjí wo? Èyí tó dúró bí òpó iná?"

"Òun náà ni."

"Iná ti kú lórí òpó ọ̀hún bí?"

"Ó ti kú, Ẹ̀gbọ́n."

Dókítà yíjú láti ìdí ààrò. "Bàbá, ta lẹ ń bá..."

Ọkọ mi ti na ọwọ́ síwájú. Ó lọ sílẹ̀ gbọọrọ, bí igi tí wọ́n rọra gé, orúnkún, ọwọ́, ikùn. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ilẹ̀ figbe ta.

"Ẹ dìde! Ẹ dìde! Ẹ dìde!" Iná pupa tàn láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀rọ agbénidìde méjì yọ lára ògiri, wọ́n na ọwọ́ irin wọn sí i. Ojú Dókítà funfun bí ẹfun. A bí i lẹ́yìn òfin, kò rí irú rẹ̀ rí láyé.

"Ó ti dákú! Màámi, ó ti dákú!"

"Kò dákú! Ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni!"

"Ó ń kí...?"

"Dókítà," ni Àga wí, ohùn rẹ̀ dùn síbẹ̀, "agbénidìde kò lè fa ẹ̀yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láìgba àṣẹ yín. Ẹ dáhùn. Ṣé ó ṣubú ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀?"

Ọmọ náà wò mí. Ọlọ́run ló mọ ohun tó rí lójú mi.

"Ó... ó ṣubú."

"N kò ṣubú!" Ọkọ mi ló ké láti ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. "Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣubú! Mo dọ̀bálẹ̀ ni! Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀!"

"Bàbá Tinú!" ni mo ké.

"Kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbọ́ pé mo ṣubú? Mo mọ̀ọ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀!"

"A ti gbọ́," ni Àga wí. "Bàbá Ọláníhùn, a ti yọ yín kúrò. A kò ní tọ́jú yín mọ́. Ẹ dìde, kí ẹ máa lọ."

Ó parí. Ohun tí mo bẹ̀rù ti dé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì fi pè é. Kí òjò tó tún rọ̀ ní ọdún yẹn, ẹ̀yìn náà ti padà gan, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́.

Síbẹ̀ kò dìde.

"Màámi, ẹ ní kó dìde," ni Dókítà bẹ̀ mí. "Kí ló tún kù?"

"Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dá dìde. Ẹni tí a kí ni yóò ní kó dìde."

"Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀ fún un!"

Ilẹ̀ ń ké pé kó dìde. Àga ń wí pé kó dìde. Ògiri ń wí pé kó dìde. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, àfi ẹnìkan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo wo inú dígí. Káńsílọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó rọ̀ mọ́ apá Àṣàkẹ́. Ẹnu rẹ̀ là. Bí nǹkan bá jáde níbẹ̀, ariwo ilẹ̀ gbé e mì. Ọwọ́ náà wà lókè síbẹ̀. Mo bú u nínú mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ gba gbèsè yẹn dé eegun ni?

Ọwọ́ náà bọ́.

Àṣàkẹ́ tẹ̀ bò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n bàbá rẹ̀, ó pa ẹnu náà dé, ó sì wò mí láti inú dígí. Ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ nìkan.

Ọkọ mi kò rí i. Ojú rẹ̀ wà mọ́ ilẹ̀, ó ń retí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń gbọ̀n. Ta ni yóò wá gbé e dìde níbẹ̀ báyìí? Ẹnu wo?

Mo pariwo bo ariwo ilẹ̀. "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́! Ọkọ mi! Kí ni Bàbá wí?"

Ó wò mí. N kò ṣẹ́jú.

"Wọ́n ní..." Ó gbé ohùn sókè. "Wọ́n ní kí Àkànjí dìde! Wọ́n ní, Àkànjí, dìde!"

Àṣàkẹ́ kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Àkànjí rí láyé rẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ni orúkọ yẹn ti ń jáde nílé wọn.

Bàbá Tinú mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ó gbé orúnkún kan, ó gbé èkejì, ó dìde láìsí irin tó fọwọ́ kàn án. Iná pupa kú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó dé lẹ́yìn ariwo yẹn dà bí ẹni tó di etí.

Ó yíjú sí dígí. Àṣàkẹ́ ti fa aṣọ dé ọrùn bàbá rẹ̀.

"Ìgbà wo?" ni ọkọ mi wí.

"Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni, Bàbá."

"Lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀?"

Àṣàkẹ́ wojú mi. "Lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ni, Bàbá."

Bàbá Tinú mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Dókítà dúró sídìí ààrò, ó fi ẹ̀mú gbé àmùrè tó jinná lọ́wọ́, ooru ń ru lára rẹ̀, kò sí ìbàdí tí yóò wọ̀ ọ́ mọ́. Bí mo ti ń kó òrùka àti dígí, ó sún mọ́ mi.

"Màámi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Kò jọ ìṣubú rárá."

Ilẹ̀kùn ti là sílẹ̀ dè wá. Àwọn tó jókòó sórí àga gíga kò kí wa. Ẹ̀rù ti bà wọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà, fìlà ọkọ mi bọ́. Ó wo ẹ̀mú lára ògiri, ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Ilẹ̀ tún figbe ta. Kò dá a lóhùn.

A dé ìta. Òrùn ti yọ. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ń kọjá, wọ́n ru iṣu, wọ́n ru omi, kò sí ènìyàn kan tó ru nǹkan kan. Ó dúró lábẹ́ ọ̀pẹ kan, ó de fìlà.

"Àrínpé, èmi kò gbọ́ ọ nígbà tó ní kí n dìde. Ìwọ gbọ́ ọ?"

"Ariwo ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Ṣé Àkànjí ló pè mí?"

"Àkànjí ni."

Ó di ọwọ́ mi mú lójú títì, ohun tí kò ṣe rí, a sì ń lọ sílé. Ọ̀sán kò tíì pọ́n. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ tí Káńsílọ̀ kú.